Odúndún Ahoro Ajagbà

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò le mọ́ bíi ti àtijọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnì kankan kò sọ ọ́ fún mi. Ẹsẹ̀ mi yìí ló rìn ín, ara mi yìí ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi Ọdẹ́jọbí ni mo pa ẹfọ̀n tó ń lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lóko ní Òkè Arò. Èmi ni mo na ọwọ́ sínú ihò nítorí òkété, tí mo bá erè níbẹ̀, tí mo sì gbé awọ rẹ̀ kọ́ èjìká wálé. Ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí léèrè ìrìn tó bà mí lẹ́rù jù láyé mi, n kò ní dárúkọ èyí tí mo tìtorí ẹran lọ. Ewé ni mo lọ já. Ewé tí àwọn ìyá yín ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, tí adìẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, òun ni ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ pa mí.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́gbàmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi pẹ̀lú rẹ̀ níṣẹ́ ọdẹ, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Àkàndé, àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí tó kù láyé. Ní ọdún tí eṣú bo ilẹ̀ wa mọ́lẹ̀, tí oko kò ní ewé lórí mọ́, ebi lé tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ igbó. Wọ́n pínyà kí ẹran má baà gba àárín wọn kọjá. Àkàndé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí pàkúté rẹ̀ nínú ìgbẹ́ dídí, ó fi àpò tí wọ́n fi awọ ẹtu rán kọ́ ẹ̀yìn. Ọdẹ́gbàmí rí awọ ẹtu, kò rí ènìyàn. Ó yìnbọn. Mo wà lára àwọn tó gbé òkú náà wálé, n kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni orí Ọdẹ́gbàmí ti gbóná. Kò sùn, kò jẹun. Ó ń sọ pé ẹtu kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo òun, kí a jọ̀ọ́ bá òun lé e. Bí a bá sọ fún un pé Àkàndé ti kú, á rẹ́rìn-ín, á ní Àkàndé lọ wo pàkúté ni, yóò dé láìpẹ́. Nígbà tó yá, ó yọ àdá sí ẹtu náà, apá ìyá rẹ̀ ni àdá sì bà. Wọ́n wá dè é mọ́ òpó ilé. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Àwọn àgbà ìlú jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí, wọ́n sì fẹnu kò pé bí orí rẹ̀ kò bá balẹ̀ kí ọdún Ògún tó dé, àwọn yóò mú un kọjá odò, àwọn yóò sì tú u sílẹ̀ fún igbó. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a bá tú sílẹ̀ fún igbó, igbó kì í dá a padà.

Ìyá rẹ̀ wá sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé náà. Ó fi aṣọ di apá, ojú rẹ̀ gbẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, ó ní kí n dákẹ́.

Ó ní, “Ọdẹ́jọbí, ìbọn kan ṣoṣo ló dún. Má jẹ́ kó pa ọmọ méjì fún mi.”

Ẹ gbọ́ ná, kí lẹ fẹ́ kí n fi dá a lóhùn? Mo bọ́ sí iwájú rẹ̀, ó di ilé Ẹfúnyẹlá, ìyá arúgbó tó ń tọ́jú aláìsàn ládùúgbò wa. Ẹfúnyẹlá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní kò sí ohun méjì tó lè wọ inú orí tó gbóná báyìí àfi odúndún. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ń rí ewé náà, ẹ kò kà á sí. Ewé rẹ̀ nípọn, omi kún inú rẹ̀ bí ẹni pé òjò ń gbé ibẹ̀. Bí ara ọmọdé bá gbóná, tí gìrì fẹ́ mú un, òun ni wọ́n ń tẹ́ sí iwájú orí rẹ̀. Bí etí bá ń ro ènìyàn, wọ́n á yá a lórí iná díẹ̀, wọ́n á fún un sínú etí náà. Wọ́n ń fi oyin lu omi rẹ̀ fún ẹni tí ikọ́ ń já láyà. Wọ́n ń gún un lé egbò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ sì ń fò sókè fò sódò, tí ojú rẹ̀ kò pa dé, wọ́n á gbo ó mọ́ omi ara ìgbín, wọ́n á fi òrí pa á pọ̀, wọ́n á fi rá a ní àtàrí títí oorun yóò fi rí ọ̀nà wọlé. Ẹfúnyẹlá ní odúndún lọba ewé, torí pé ọba kì í sáré, ẹni tó bá sì wà níwájú ọba kì í sáré pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n eṣú ti jẹ odúndún ìlú wa dé gbòǹgbò. Ẹfúnyẹlá ti ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú tó yí wa ká, ọ̀fọ̀ kan náà ló ṣẹ̀ wọ́n. Ó wá sọ fún mi pé odúndún kì í ṣe ọmọ igbó, ènìyàn ló máa ń tẹ̀ lé. Ibi tí mo bá ti rí i láàárín igbó, kí n mọ̀ pé ilé ti wà níbẹ̀ rí. Ó ní ìlú kan wà nínú Igbó Ẹhànnà tó ń jẹ́ Ajagbà, àìsàn kan ló pa á run nígbà ayé ìyá ìyá òun. Kò sí ẹ̀yìnkùlé kan níbẹ̀ tí kò ní odúndún, eṣú kì í sì í wọ inú igbó tó ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti lọ síbẹ̀ rí. Ó ní wọ́n ti lọ.

Mo gbé ìbọn, mo so oògùn mi mọ́ra, mo pe ajá mi, Tanímọ̀la. Ẹ̀yin kò mọ Tanímọ̀la. Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan ti fà ya lẹ́nu ìmàdò, kò sì sí ẹran tó ń sá tí kò lè kó sí mi lọ́wọ́. Mo ti fẹ́ ìyàwó, mo ti bí ọmọ, ṣùgbọ́n ó níye ẹni tó lè jókòó tì mí láìsọ̀rọ̀ kí ara sì tù mí. Ajá yẹn wà lára wọn.

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín dúró. Nígbà tí a wọ àárín Igbó Ẹhànnà, mo ṣàkíyèsí pé ẹyẹ kò ké mọ́. Àwọn kòkòrò pàápàá dákẹ́. Ewé gbígbẹ tí mo ń tẹ̀ wá ń dún létí mi bí ìgbà tí wọ́n ń gún odó. Lójijì ni ọwọ́ kan já wá láti òkè, ó gbá mi ní ìbàdí mú, ó sì gbé mi sókè bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ẹ̀dá náà ga tó ọ̀pẹ kékeré. N kò rí ojú lórí rẹ̀, n kò rí imú. Etí ló bo gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn kan fẹ̀ bí ewé kókò, àwọn kan kéré bí ìkarahun ìṣáwùrú, òmíràn dà bí etí ewúrẹ́, òmíràn dà bí ti ọmọ ènìyàn. Gbogbo wọn ń mì, wọ́n pọ́n, wọ́n sì wú. Kìkìdáetí ni àwọn ọdẹ àtijọ́ ń pè é. Mo rò pé àwọn àgbà fi ń dẹ́rù bà wá ni.

Tanímọ̀la gbó lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ̀dá náà ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú mi lọ́wọ́, ó ń yí bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Nígbà tó dìde, ó fún mi ní ìbàdí débi pé mo gbọ́ tí egungun mi ń ké. Mo fi ọwọ́ ṣe àmì sí ajá pé kó dákẹ́, mo sì fi ẹnu mọ́ ọ̀kan nínú àwọn etí rẹ̀, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé odúndún ni mo wá já, pé n kò bá a jà.

Ohùn kan dáhùn láti inú rẹ̀, kò ju ìmí lọ. Ó ní irọ́ ni gbogbo ọdẹ ń pa, ìbọn ni wọ́n ń gbé wá. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó wá ewé ní tòótọ́, kí n dá òun lóhùn.

Ó ní, “Kí ló wọ ilé olókùnrùn láìlẹ́sẹ̀, tó jókòó sí iwájú orí rẹ̀, tí olókùnrùn dìde tán tí òun sì rọ?”

Mo ní, “Odúndún ni. Ooru tó kúrò lára ọmọ ló máa ń mú un rọ.”

Ó ní, “Kí la fún lọ́rùn tí kò ké, omijé nìkan ló dá, tí etí sì mu omijé náà?”

Mo ní, “Òun náà ni. A yá a lórí iná, a fún un sí etí tó ń roni.”

Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára mi. Ó wá sọ fún mi pé gbogbo etí òun ló ń ro òun, pé kòkòrò kan kò lè rìn nínú igbó yìí kó má dà bí àáké lára òun. Odúndún wà ní Ajagbà, ṣùgbọ́n olóko rẹ̀ máa ń ké pe àwọn òkú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, òun kò sì lè sún mọ́ ohùn náà. Òun yóò jẹ́ kí n kọjá bí mo bá búra pé ní àbọ̀, n óò fún ewé náà sí etí òun. Mo fi irin ìbọn mi kan ahọ́n, mo búra. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í dúnàádúrà.

Bí a ṣe ń sún mọ́ Ajagbà ni mo ń gbọ́ ohùn obìnrin náà. Orúkọ ènìyàn ló ń pè, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ wá jẹun. Ilé ti wó, igi ńlá ti hù láàárín ìyẹ̀wù. Mo rí ààrò ìdáná níbi tí gbòǹgbò ti gbá a mọ́ra, mo rí ọlọ tí ọmọ ọlọ ṣì wà lórí rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ògiri kọ̀ọ̀kan ni odúndún wà, tútù yọ̀yọ̀, tí wọ́n roko ìdí rẹ̀ bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín ọ̀kan. Èéfín ń rú láti àtàrí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa iná igi tútù. N kò mọ̀ di òní bóyá òkú ni tàbí alààyè.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i. Kò bínú. Ó sọ fún mi pé òun ni òun ń tọ́jú aláìsàn ní Ajagbà nígbà tí ìlú wà. Ó ní àìsàn náà mú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, òun sì ń já ewé, òun ń gbo, òun ń rá wọn lórí, òun ń sáré láti ilé dé ilé, ọwọ́ òun kò sì ju méjì lọ.

Ó ní, “Ewé kò tán. Ènìyàn ló tán.” Ó ní gbogbo ooru tó jáde lára wọn, orí òun ló wá fi ṣe ilé.

Ó wá bi mí ta ni mo fẹ́ já ewé fún. Mo ní fún ọdẹ kan tó yìnbọn sí ẹtu, tí ẹtu sì ń dẹ́rù bà á.

Ó ní, “Ta ni orúkọ ẹtu náà?”

Mo ní Àkàndé ni. Mo ní àbúrò rẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sì fi Àkàndé kún àwọn tó ń pè. Ó ní kí n já ìwọ̀n tí àpò mi bá lè gbà. Ṣùgbọ́n bí mo ti dìde tán, tí àpò ti kún, ó dá mi dúró. Ó ní àwọn ènìyàn ti wá já ewé lọ́wọ́ òun rí, wọ́n já a tán, wọ́n sì lọ. Òun ń pe orúkọ láti ọjọ́ yìí wá, ohun kan tó ń mí kò tí ì dá òun lóhùn rí. Ó ní ọ̀kan nínú àwa méjì tí a wá yóò dúró ti òun. Mo wo ilẹ̀, mo sì rí i pé odúndún tí mo kọjá lórí rẹ̀ nígbà tí mo ń wọlé ti ká mọ́ kókósẹ̀ mi.

Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀. Iná jó ni, ó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Mo fi okùn àpò so Tanímọ̀la mọ́ gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, odúndún sì tú kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Kò jà. Ó rò pé a fẹ́ lúgọ de ẹran ni. Ìgbà tí mo yí ẹ̀yìn, tí mo kọjá ògiri tó kẹ́yìn, ló tó yé e, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Mo ti gbọ́ igbe ẹkùn, mo ti gbọ́ igbe ẹni tí ejò ṣán. Igbe ajá yẹn ló ṣì ń dún nínú mi. Kì í sì í ṣe èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í wó níwájú mi, Kìkìdáetí ń bọ̀, ó ń fi orí gbá igi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu gbogbo ara rẹ̀. Mo sá, ó lé mi bá. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ koríko, ó sì gbé mi lọ sí ibi tó yẹ kí ẹnu rẹ̀ wà. Kò sí iná tí mo lè fi yá ewé. Mo ki ewé náà bọ àyà mi, ooru ìbẹ̀rù ara mi ló yá a, mo sì fún un sínú etí tó sún mọ́ mi jù lọ. Etí náà mì, ó sì pa dé bí ewé patanmọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn. Mo fún un sí òmíràn. Mo ń fún, etí ń pa dé, àpò mi sì ń fúyẹ́. Ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó ti ìdí igi, mo ń yí i ká bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Ní gbogbo àsìkò yìí, ajá mi ń hu lọ́hùn-ún.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n parí, mo wo inú àpò. Igi odúndún kan ṣoṣo ló kù, ewé díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Mo wo ẹ̀dá náà, ó ti ń sùn. Etí kan ló ṣì là, láàárín àyà rẹ̀ gan-an, ó kéré bíi ti ọmọ tí wọ́n bí lónìí, ó sì wú ju gbogbo ìyókù lọ. Mo rò ó pé kí n máa lọ. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n mo ti fi irin kan ahọ́n, mo sì ti fi ajá mi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo já ewé kan nínú ìwọ̀nba tó kù, mo fún un sí etí kékeré náà. Ó pa dé. Àkókò náà gan-an ni ajá dákẹ́ ní Ajagbà. Mo dúró, mo tẹ́tí. Ohùn obìnrin náà pàápàá ti dákẹ́. N kò mọ̀ bóyá ó ti gbé orí ajá lé itan ni, tàbí nǹkan mìíràn ló ṣẹlẹ̀. N kò padà lọ wò ó.

Ẹfúnyẹlá gba igi odúndún kan ṣoṣo náà lọ́wọ́ mi, kò béèrè ìbọn, kò béèrè ajá. Ó gé orí rẹ̀, ó gbìn ín sínú àfọ́kù ìkòkò, òun ni ìyá gbogbo odúndún tí ẹ ń rí nílùú yìí lónìí. Ìyókù ló gbo mọ́ omi ara ìgbín, ó fi òrí sí i, ó sì jókòó sẹ́yìn Ọdẹ́gbàmí tó ń rá a ní àtàrí, díẹ̀díẹ̀, láìsọ̀rọ̀. Ó tẹ́ ewé tó kẹ́yìn sí iwájú orí rẹ̀. Ọdẹ́gbàmí kọ́kọ́ ń bú wa. Nígbà tó yá, ó ń kùn. Lẹ́yìn náà orí rẹ̀ tẹ̀ sórí àyà, ó sì sùn. Ìyá rẹ̀ tú okùn lára rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó sùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbà ìlú wá wò ó tí wọ́n lọ, tí wọ́n tún wá. Èmi wà níbẹ̀ nígbà tó lajú. Ojú rẹ̀ mọ́. Ó béèrè omi, ó mu ún. Ó wo ẹnu ọ̀nà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì wo apá ìyá rẹ̀, ó bi í pé kí ló ṣe é. Ìyá náà sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló béèrè Àkàndé.

Mo ń wò ó nígbà tí ikú àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀, bí omi ṣe ń wọ inú ọkọ̀ tó lu. Àwọn àgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń sọ fún ara wọn pé ara rẹ̀ ti yá, wọ́n sì ń yìn mí. Ó yíjú sí mi.

Ó ní, “Ìwọ lo lọ já ewé náà?”

Mo ní èmi ni.

Ó ní, “O ò bá jẹ́ kí n máa bá ẹtu náà jà. Nígbà tí mo ya wèrè, Àkàndé kò tí ì kú.”

Ìyá rẹ̀ ló dìde. Ó lọ jókòó tì í lórí ẹní, ó fi apá tí wọ́n ṣá yẹn gbá a mọ́ra.

Ó ní, “Èmi ni mo rán an. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, èmi nìkan ni mò ń sunkún rẹ̀. Wá bá mi sun ún.”

Ọdẹ́gbàmí bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ náà bú sẹ́kún. Mo dìde, mo sọ fún àwọn àgbà pé kí wọ́n máa lọ sílé, mo sì fa ilẹ̀kùn dé mọ́ ìyá àtọmọ. Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá ọ̀rọ̀ yìí dé nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, àwọn ló ni í.